Ìpàdé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lórí òkè yìnyín: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mo sì ti gun òkè yìnyín lọ kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí mo bá ti dé báyìí, fóònù mi kì í sinmi. Nọ́ọ̀sì á pè láti Houston, dókítà á pè láti London. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò kan tó jẹ́ dókítà n'Íbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìbéèrè wọn jọra, ni mo bá kó wọn jọ síbí. Èyí tó kan ẹ̀mí ni mo dáhùn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Èyí tó kù, mo sáré kọjá lórí rẹ̀, nítorí àwọn tó ṣètò ìpàdé lè dá yín lóhùn.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé kì í ṣe fàájì tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ bò lójú ni?

Ẹ̀kọ́ ni. Fàájì náà wà níbẹ̀, wọn kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń béèrè pé kí dókítà máa kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe. Òun ni gbogbo wa ń pè ní CME. Wákàtí kan ni kírẹ́dìtì kan, ibi yòówù kí èèyàn ti jókòó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣètò ìpàdé fi ń gbé e lọ sí Vail, Breckenridge tàbí Snowmass ní Colorado, sí Park City ní Utah, sí Big Sky ní Montana, láàárín January sí March tí yìnyín bá pọ̀.

Bí ọjọ́ ṣe máa ń lọ rèé. Ní aago méje àárọ̀ a ti wà nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, kọfí lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ á lọ títí di bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Wọ́n á tú wa sílẹ̀: ẹni tó fẹ́ gun òkè á gun òkè, ẹni tó fẹ́ sùn á padà lọ sùn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ a tún jókòó títí di aago mẹ́fà. Àwọn kan wà tí wọ́n á fọwọ́ síwèé láàárọ̀, tí ẹ kò ní rí wọn mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti ji kírẹ́dìtì gbé, aláìsàn rẹ̀ ló sì máa san gbèsè náà.

Ohun tó mú mi padà lọ ni pé òkè náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ èèyàn. Ẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí orúnkún tó já láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán ẹ ti rí ẹni tí wọ́n ń gbé sọ̀kalẹ̀ nítorí rẹ̀.

Mò ń ṣiṣẹ́ ní London, tàbí ní Nàìjíríà. Ṣé wọ́n máa gba kírẹ́dìtì Amẹ́ríkà?

Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, CPD ni wọ́n ń pè é, ọdún márùn-ún-márùn-ún sì ni GMC, àjọ tó ń fún dókítà láṣẹ iṣẹ́ níbẹ̀, ń tún dókítà yẹ̀ wò. Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó wọn, wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ ohun tí ẹ kọ́ àti ohun tí ẹ yí padà nínú iṣẹ́ yín. Ní Nàìjíríà, MDCN, àjọ tó ń fún dókítà láṣẹ iṣẹ́, ń béèrè pọ́ìntì CPD kí wọ́n tó tún láísẹ́ǹsì ọdọọdún ṣe, àwọn ló sì máa sọ bóyá àwọn gba ìpàdé yìí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: kírẹ́dìtì dókítà àti wákàtí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wò ó lórí fọ́ọ̀mù bóyá wọ́n kọ tiyín síbẹ̀.

Ṣé ẹni tó jẹ́ AS lè lọ? SS ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo yín kà, kódà bí ẹ kò bá ka èyí tó kù.

Nítorí ìgbéyàwó ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ genotype wa. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà béèrè ìwé àyẹ̀wò, a mú un wá, wọ́n ní AA àti AS lè fẹ́ra, ọ̀rọ̀ parí. Láti ọjọ́ náà a kò ronú kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹyọ kan ló jẹ́ AS. Wọ́n sọ fún wa pé AS kì í ṣe àìsàn, òótọ́ sì ni nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Lórí òkè, ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Ní ibi tó ga tó mítà 2,500, agbára afẹ́fẹ́ ti dín kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó wà létí òkun. Ọ́síjìn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS lè wá tẹ̀ bíi dòjé, pàápàá nínú ọlọ inú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ẹ̀jẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ níbẹ̀, kò sì pẹ́ kó tó dí. Apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á kú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ryan Clark, tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí fún Pittsburgh Steelers. AS ni. Ní 2007 wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Denver, ìlú tí gíga rẹ̀ kò ju bí mítà 1,600 lọ. Ìhà òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé wọ́n yọ ọlọ inú àti àpò òróòro rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ń lọ sí Denver ní January 2012, kóòṣì wọn, Mike Tomlin, kò jẹ́ kó wọ pápá. Eléré tó le bí irin nìyẹn o. Vail ga ju Denver lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lásán ti sún mọ́ mítà 2,500. Breckenridge ju 2,900 lọ, àga tó ń gbé èèyàn lọ sókè níbẹ̀ sì ń dé mítà 3,914.

Ojú mi tó o rí. Lọ́dún kejì tí mo lọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, nọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú, la jọ gba yàrá. Ọ̀sán ọjọ́ tí a dé ló ti gun òkè. Lálẹ́, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ òsì há ìhà rẹ̀, ó ń mí kúkúrú-kúkúrú. Ó ti lọ sí ilé ìtọ́jú kan nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú ni, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó lọ sùn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni genotype yín?” Ó ní, “AS ni, àmọ́ kí ló kan ìyẹn?” Alẹ́ ọjọ́ náà la sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nílùú. Wọ́n fún un lọ́síjìn, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, apá kan ọlọ inú ti kú. Ó bọ́ níbẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, ara mi kì í balẹ̀ tí mo bá rántí pé díẹ̀ ló kù kí n sùn.

Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ AS lè lọ, ṣùgbọ́n kó fi ọgbọ́n lọ. Kó sun Denver lóru kan kó tó gòkè. Kó má ṣe iṣẹ́ agbára lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Kó máa mu omi. Kó sọ fún ẹni tí wọ́n jọ wà nínú yàrá. Bí ìhà òsì bá ń dùn ún, tàbí tó ń bì, kó sọ̀kalẹ̀, kó gba ọ́síjìn, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà pé “I have sickle cell trait.” Kó má dúró kí wọ́n bi í, wọ́n lè má bi í. Ẹ̀yin dókítà, ẹ rántí pé wọ́n ti rí i lára àwọn aláwọ̀ funfun náà, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ ara pinnu ẹni tí ẹ máa bi.

Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, kó má gun òkè bẹ́ẹ̀ láìbá dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ àbúrò mi ni, màá ní kó wá ìpàdé tí wọ́n ń ṣe létí òkun. Ó pọ̀.

Ẹni tó jẹ́ AA ńkọ́, ṣé kò séwu?

Òkè kì í wo genotype kó tó fún èèyàn ní orí fífọ́. Ẹni tó gbéra ní Houston láàárọ̀ tó sì sùn ní Breckenridge lálẹ́ lè jí pẹ̀lú orí fífọ́, èébì, àárẹ̀ àti àìróorunsùn. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má mu ọtí lóru àkọ́kọ́. Oògùn tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀ ni acetazolamide, míligírámù 125 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú gígun òkè. Ó máa ń mú kí ìka ta èèyàn pinpin, kó sì máa tọ̀ léraléra. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ oògùn sulfa, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń pani. Bí èèyàn bá ń mí gulegule nígbà tó jókòó jẹ́jẹ́, tó ń húkọ́, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara, ọpọlọ rẹ̀ ló ń wú. Ọ́síjìn, kẹ́ ẹ sì gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Mo ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka ọ́síjìn lórí ìka. Ṣé kò tó?

Ó dára láti mú un dání, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ tán. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn gba inú ìka kọjá, àwọ̀ dúdú sì lè tàn án jẹ kó ka iye tó ga ju òótọ́ lọ. Ní 2020, àwọn oníṣègùn ní Michigan fi ohun tí ẹ̀rọ náà kà wé ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ní ara wọn dá, ìpín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ́síjìn wọn ti lọ sílẹ̀ jìnnà tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Lórí òkè, níbi tí iye náà ti máa ń lọ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àṣìṣe díẹ̀ lè bo ẹni tó ń kú lọ mọ́lẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe ń mí. Ẹ ka mímí rẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì gbọ́ bóyá ó lè parí gbólóhùn kan láìdánudúró.

Ṣé dandan ni kí n mọ síkì?

Rárá. Síkì ni pátákó gígùn méjì tí èèyàn ń so mọ́ bàtà fi yọ̀ lórí yìnyín. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹsẹ̀ kan án. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gba olùkọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kọ́ yín. Ẹ ya hẹ́lmẹ́ẹ̀tì. Bàtà síkì le bí igi, ó há mọ́ ojúgun bí ẹni wọ simẹ́ǹtì, èèyàn kò lè tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rárá. Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́ ni mo lóye ohun tí olùkọ́ sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà: látìgbà tí bàtà ti le báyìí, ojúgun kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ mọ́ bíi ti àtijọ́, ipá tó yẹ kó ṣẹ́ ẹ ti gòkè lọ sí orúnkún, ibẹ̀ ni iṣan inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL ti ń já.

Irú ọgbẹ́ wo ni wọ́n ń kọ́ wa?

Orúnkún ló pọ̀ jù fún ẹni tó ń lo síkì. Fún ẹni tó ń lo pátákó kan ṣoṣo (snowboard), ọrùn ọwọ́ ni, nítorí ọwọ́ ló fi ń gbara sọlẹ̀. Àtàǹpàkò náà wà níbẹ̀: èèyàn á ṣubú pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ọ̀pá á fa àtàǹpàkò sẹ́yìn, iṣan inú rẹ̀ á já. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ó kàn rọ́ lásán. Tí a kò bá mú un lákòókò, onítọ̀hún kò ní lè di kọ́kọ́rọ́ mú dáadáa mọ́.

Orí ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ní March 16, 2009, òṣèré Natasha Richardson ń kọ́ síkì ní Mont Tremblant ní Kánádà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò dé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì. Ó ṣubú, ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n dá áńbúláǹsì tó kọ́kọ́ wá padà. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ní March 18, ó kú. Ọmọ ọdún 45 ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ láàárín agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ ń kó jọ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń rẹ́rìn-ín. Àkókò tí ara fi dà bíi pé ó ti dá yẹn ló ń tan ẹbí jẹ, ó sì ń tan dókítà tó ń kánjú jẹ pẹ̀lú.

Wọ́n ní èèyàn tó tutù tó dà bí òkú lè jí. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ní May 1999, Anna Bågenholm, dókítà ọmọ Sweden tó ń ṣiṣẹ́ ní Norway, ń fi síkì sọ̀kalẹ̀ nítòsí ìlú Narvik pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì. Ó ṣubú sínú odò kan, orí rẹ̀ wọ abẹ́ yìnyín tó bo odò náà. Ó rí ibi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà, ó ń mí níbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kí ọkàn rẹ̀ tó dúró. Ọgọ́rin ìṣẹ́jú ló pé kí wọ́n tó fà á yọ. Wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀ nínú hẹlikọ́pítà títí dé ilé ìwòsàn ní Tromsø. Ooru ara rẹ̀ jẹ́ 13.7°C. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ jáde, tó ń mú un gbóná, tó sì ń dá a padà sára. Ọkàn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ó yè, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ dókítà.

Ohun tí àwọn èèyàn òkè yìnyín ń sọ ni pé ẹni tó tutù kò tíì kú, àfi tó bá gbóná tán tó ṣì kú. Òtútù ti dín ohun tí ọpọlọ ń béèrè kù kí ọkàn tó dúró. Tí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi odindi ìṣẹ́jú kan wá ìlù ọkàn rẹ̀. Ẹ gbé e jẹ́jẹ́ bí ẹyin, nítorí ọkàn tó tutù lè dàrú tí wọ́n bá jù ú gìrìgìrì.

Ti ìka tí òtútù jẹ, ẹ má fọwọ́ pa á, ẹ má fi yìnyín ra á. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín 37 sí 39°C, ni kẹ́ ẹ rì í sí, tó bá dá yín lójú pé kò tún ní dì mọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá padà síbẹ̀, ẹ má fàkókò ṣòfò: oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, láti February 2024 sì ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn mìíràn, iloprost, fún èyí tó le gan-an. Lára wa, ìka náà lè má funfun bíi ti inú àwòrán. Á kọ́kọ́ rí bí ẹni tí wọ́n fi eérú kùn, á kú tipiri, kò sì ní dùn mọ́. Òtútù sì máa ń tètè ba ìka aláwọ̀ dúdú jẹ́ ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ti rí èyí láàárín ọmọ ogun wọn.

Yìnyín tó ń ya lulẹ̀ ńkọ́?

Láàárín pápá tí wọ́n ń tọ́jú, ewu rẹ̀ kéré. Ẹ má kọjá okùn tí wọ́n ta. Ẹni tí yìnyín bò, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ló ní, lẹ́yìn ìyẹn ìrètí ń já kíákíá. Nítorí náà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò yọ ọ́, hẹlikọ́pítà kì í tètè dé tó bẹ́ẹ̀.

Ta ni àwọn tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa pẹ̀lú àmì àgbélébùú?

Àwọn patrol ni, àwọn tó ń ṣọ́ òkè, tí wọ́n sì ń gbé ẹni tó fara pa sọ̀kalẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Minot Dole ló dá National Ski Patrol sílẹ̀ ní 1938, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní Stowe, Vermont, ní 1936, tí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró tì í lọ́jọ́ náà, Frank Edson, kú nínú eré síkì láìpẹ́ sígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn patrol kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú wọn, mo rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń bọ́ bàtà síkì kúrò lẹ́sẹ̀ tó ti ṣẹ́. Ó tú gbogbo ìdè, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì la ẹnu bàtà náà gbàgà, ẹnì kejì di gìgísẹ̀ mú, bàtà yọ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ mì. Aláìsàn náà kò tilẹ̀ ké. N kò rí èyí kọ́ nínú gbọ̀ngàn kankan.

Aṣọ wo ni kí n mú? Irun mi ńkọ́?

Ẹ má wọ òwú mọ́ra, tó bá ti rin gbindin, ó ń fa ooru ara jáde ni. Wúùlù dára. Ẹ̀yin obìnrin, irun dídì pẹlẹbẹ ló bá hẹ́lmẹ́ẹ̀tì mu. Tí ẹ bá di í lóṣùṣù sókè orí, hẹ́lmẹ́ẹ̀tì kò ní jókòó, bíi pé ẹ kò dé e ni. Ẹ fi jígí bojú, ẹ kun oògùn oòrùn. Oòrùn tó ń ta padà látorí yìnyín ń jó awọ ojú dúdú náà.

Ta ni yóò sanwó?

Ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá yín. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ló ní owó ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ kì í gbà nítorí pé kò béèrè. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó bá oníṣirò owó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó orí. Owó ìdílé tí ẹ bá kó dání, ti yín nìyẹn.

Mò ń padà sí Ìbàdàn. Kò sí yìnyín níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?

Àbúrò mi tó fi ohùn ránṣẹ́ ló béèrè èyí, mo sì pè é padà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà tó ní “ara mi ti le, ẹ jẹ́ n máa lọ,” Natasha Richardson ni. Ọmọ ìkókó tí ooru ara rẹ̀ kò tó 36.5°C ti ń tutù kọjá ààlà, nínú ooru Ìbàdàn yìí kan náà: ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ. Ẹ̀rọ orí ìka tó ń parọ́ ní Michigan ń parọ́ fún yín náà ní wọ́ọ̀dù. Aláìsàn yín tó jẹ́ AS sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Denver, ó ń lọ sí Addis Ababa tó ga ju mítà 2,300 lọ, láìsí ẹni tó sọ nǹkan kan fún un.

Oṣù tó kọjá ló tún pè mí. Ọkùnrin kan wá gba abẹ́rẹ́ ìrìn-àjò, iṣẹ́ ló ń bá lọ sí Addis Ababa. Ó bi í ní genotype rẹ̀. AS ni. Ó mú bébà, ó kọ “sickle cell trait” sí i gàdàgbà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí ìhà òsì bá ń dun ẹni yìí, kí wọ́n yẹ ọlọ inú rẹ̀ wò. Ọkùnrin náà ká bébà náà, ó sì kì í bọ inú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀.